Ìbúra àti Ìgbọ̀wọ́ fún Aṣojú Oníṣòwò

Nígbà tí oníṣòwò bá fẹ́ fi ọjà rẹ̀ lé aṣojú lọ́wọ́, kí ó máa tà á, kí ó sì máa gba owó ní orúkọ rẹ̀, ohun méjì ni ó lè béèrè: kí aṣojú náà búra, kí ó sì mú onígbọ̀wọ́ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìbúra de ọkàn ẹni tí ó búra. Bí ó bá búra èké, òun ni ó jẹ̀bi níwájú Ọlọ́run àti níwájú òfin. Ní ilé ẹjọ́ wa, onígbàgbọ́ a máa fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí a máa fi Kùránì, àwọn mìíràn a sì máa fi irin. Àwọn Kristẹni kan wà tí kì í búra rárá, nítorí ẹ̀kọ́ Olúwa lórí òkè. Ní 1888 òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí irú wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ òtítọ́ dípò ìbúra. Ìjìyà fún èké sì jẹ́ bákan náà.

Ìgbọ̀wọ́ ní tirẹ̀ de ilé àti owó ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ nínú gbèsè náà. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó fẹ́ ya ìwọ̀fà a máa mú onígbọ̀wọ́ lọ sọ́dọ̀ olówó. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1677 sọ pé ìlérí láti san gbèsè ẹlòmíràn kò ní agbára ní ilé ẹjọ́ bí kò bá sí nínú ìwé tí a fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fọwọ́ sí i tán, omijé kò lè pa á rẹ́.

Síbẹ̀ òfin kò gbàgbé onígbọ̀wọ́. Nínú ẹjọ́ Phillips àti Foxall, ní England ní 1872, ọ̀gá kan rí i pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ń kó owó jẹ, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ sẹ́nu iṣẹ́ láìsọ fún onígbọ̀wọ́. Ilé ẹjọ́ dájọ́ pé onígbọ̀wọ́ kò ní san èyí tí ìránṣẹ́ náà jẹ lẹ́yìn náà. Onígbọ̀wọ́ tí ó bá sì san owó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró fún.

Ǹjẹ́ kí a tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ jẹ́ kí a béèrè: Èló ni? Yóò ti pẹ́ tó? Báwo ni a ṣe lè yọ ọwọ́ wa? Sólómọ́nì kìlọ̀ nípa ìgbọ̀wọ́; síbẹ̀ Júdà dúró fún Bẹ́ńjámínì, nígbà tí ọjọ́ sì pé, ó fi ara rẹ̀ lélẹ̀. Ìfẹ́ kò kọ ìgbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè san án, kí ó má ṣe fọwọ́ sí i.