Ẹ̀rọ Ìtọpasẹ̀ Ọmọdé: Èwo ni ó Yẹ Kí Òbí Rà?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà ní agbègbè Emùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn olùkọ́ wọn àti awakọ̀ wọ igbó lọ. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Kejì kí àwọn ọmọ náà àti àwọn olùkọ́ wọn tó gba ìdáǹdè. Ìbéèrè tí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé ka òbí láyà kò ju ọ̀kan lọ: níbo ni ọmọ mi wà? Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí òbí tí ó rówó ná bá ń wá aago ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kékeré tí a lè so mọ́ ọmọ lára, tí yóò máa sọ ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n kí ó tó tọwọ́ bọ àpò, ó yẹ kí ó mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni èrò pé sátẹ́láìtì ni ó ń wo ọmọ láti òkè. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí ìjọba Amẹ́ríkà fi sójú òfurufú, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wọn ni láti máa kéde àkókò àti ipò tí àwọn fúnra wọn wà, gẹ́gẹ́ bí agogo ilé-ìwé ti ń dún láìmọ ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ọwọ́ ọmọ ni ó ń gbọ́ ìkéde mẹ́rin, ó kéré tán, tí ó sì ń fi àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà kí ó tó dé ṣírò ibi tí òun wà. Títí dé ibi yìí, ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ̀; ìyá ọmọ kò tíì mọ nǹkan kan. Kí ìròyìn tó dé orí fóònù ìyá, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní káàdì SIM tirẹ̀, kí ó ní dátà, kí ó sì wà níbi tí òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà fún ará Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Emùré. Àpáta ńlá bí Olósùnta àti Òrólè a máa dí ìgbì rédíò lọ́nà. Àfonífojì àti igbó kìjikìji náà a máa sọ ọ́ di aláìlágbára. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí olùrà yóò ṣe kò sí ní ìsọ̀ olùtajà rárá. Kí ó mú fóònù MTN, Airtel àti Glo lọ́wọ́, kí ó rin ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sí ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì wo èyí tí kì í já. SIM ti ilé-iṣẹ́ náà ni kí ó fi sínú aago.

Lẹ́yìn èyí, kí ó béèrè iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ọkọ̀ tí ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin kìlómítà 5 láàárín ìròyìn méjì. Bí ó bá sì ń ránṣẹ́ léraléra, bátìrì kò ní pẹ́ kú, iná mànàmáná kì í sì í fìgbà gbogbo wà láti gbà á lára. Bí àmì bá hàn lórí àwòrán ilẹ̀, kí òbí kọ́kọ́ wo aago tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ibi tí ọmọ wà ní wákàtí kan sẹ́yìn ni.

Irú ẹ̀rọ kejì wà, àpẹẹrẹ rẹ̀ ni AirTag tí Apple gbé jáde ní ọdún 2021. Kò ní SIM, kò sì ní GPS. Fóònù iPhone àwọn èrò tí ó bá kọjá nítòsí ni ó ń bá a ránṣẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí lè dára. Ní ojú ọ̀nà oko tí Android ti pọ̀ ju iPhone lọ, ìrètí rẹ̀ kò tó nǹkan. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé ẹrù ni òun ṣe é fún, kì í ṣe ènìyàn. Bátìrì rẹ̀ tí ó rí bí owó ẹyọ sì léwu: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́fun láàárín wákàtí méjì.

Ewu mìíràn farasin. Ní ọdún 2017, àjọ tí ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Norway yẹ àwọn aago ọmọdé kan wò, ó sì rí i pé àjèjì lè wọlé sínú wọn láti mọ ibi tí ọmọ wà. Ní ọdún kan náà, Jámánì fòfin de títa àwọn aago tí a lè fi dẹtí sọ́rọ̀ ẹlòmíràn ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ní kíláàsì wà lára ohun tí wọ́n ń gbọ́. Aago pọ́ọ́kú tí kò gba kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ kò yẹ ní rírà, nítorí ọ̀nà tí òbí fi ń rí ọmọ ni ọ̀daràn náà yóò gbà rí i.

Ẹ̀rọ yìí wúlò fún ọmọ tí ó ṣìnà lọ́jà, tàbí ọkọ̀ ilé-ìwé tí ó pẹ́ dé. Ajínigbé ní tirẹ̀ lè já a sọnù ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ilé-ìwé fi nílò ìwé tí orúkọ àwọn tí ó lè wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí olùkọ́ má sì fi ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún pàápàá lè mọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti agbo-ilé rẹ̀, ó sì lè há nọ́ńbà mọ́kànlá ti fóònù ìyá rẹ̀ sórí, bí olùkọ́ bá sọ ọ́ di orin fún un.