Ètò Iṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Àgbélétan: Ọ̀rọ̀, Àmì Ohùn àti Òǹkà Ọjọ́

Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè àti ti atúmọ̀ èdè dúró lé: kí ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì lè rí i nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó. Ní àtijọ́, káàdì kéékèèké tí a tò sínú àpótí ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lóde òní, kọ̀ǹpútà àgbélétan ti gba ipò àpótí náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Èrò àwọn kan ni pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò mú ètò bá iṣẹ́ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ènìyàn bá fún nǹkan ni ẹ̀rọ yóò fi wá a. Bí ó bá ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dúró sójú kan, bí ìkọsílẹ̀ kò bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí òǹkà ọjọ́ sì tàsé, ńṣe ni ẹ̀rọ yóò wulẹ̀ tú iṣẹ́ ká kíákíá. Ìdí nìyí tí ètò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fi kan àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí gbọ̀ngbọ̀n.

1. Orúkọ ẹ̀rọ náà

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Osborne 1, tí ó jáde ní ọdún 1981, wà lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí a tà fún gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣeé gbé kiri. Ó wúwo tó kílógíráàmù 11, kò sì ní bátìrì nínú. Kò sí ẹni tí yóò gbé irú rẹ̀ lé itan tí yóò sì jókòó pẹ́. Ní ọdún 1982 ni GRiD Compass dé, tí ojú rẹ̀ ṣeé pa dé bí ìwé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ yìí ti ń fúyẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó wà lọ́jà báyìí ni kò wúwo tó kílógíráàmù 2.

Ọ̀rọ̀ náà, àgbélétan, ṣeé tú palẹ̀ láìsí wàhálà: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe gbé, lé, àti ọ̀rọ̀-orúkọ itan, tí fáwẹ́lì i inú itan sì jẹ́ ìpajẹ. Àwọn mìíràn ti dábàá alágbèéká. Ṣùgbọ́n alágbèéká ni a fi ń pe tẹlifóònù tí a ń mú káàkiri, nítorí náà kò ya ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àgbélétan yà á sọ́tọ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ayárabíàṣá, méjèèjì ni wọ́n ń lò; èyí àkọ́kọ́ rọrùn láti fi ṣẹ̀dá àpólà ọ̀rọ̀, èkejì sì ṣe rẹ́gí nígbà tí a bá fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọdé.

2. Títọ́jú, fífi pamọ́ àti pípa rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó ń kó ìṣòro bá akẹ́kọ̀ọ́ jù ni èyí tí ó rò pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fáìlì jẹ́ ọ̀kan. Nínú ọ́fíìsì ìjọba, páálí tí a ṣẹ́ po, tí a kó ìwé púpọ̀ sínú rẹ̀, ni òṣìṣẹ́ ń pè ní fáìlì. Lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan ṣoṣo ni fáìlì kan, àwòrán kan ṣoṣo ni fáìlì kan. Ohun mìíràn ni ó ń kó wọn jọ. Akọ̀wé tí ó ti fi ogún ọdún gbé páálí kiri yóò máa wá ìwé púpọ̀ nínú fáìlì tí a ní kí ó ṣí. Bí olùkọ́ bá pe èyí tí ń kó wọn jọ ní àpò fáìlì, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé inú àpò ni fáìlì ń gbé.

Pamọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Ìtumọ̀ méjì ni ó ní: kí a fi nǹkan sí ibi tí kò ti ní sọnù, àti kí a fi í sí ibi tí ẹlòmíràn kò ti ní rí i. Iṣẹ́ méjèèjì ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ó yẹ kí tọ́jú dúró fún ti àkọ́kọ́, kí fi pamọ́ sì dúró fún ti èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpamọ́, èyí tí a fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, yóò bá ìtumọ̀ rẹ̀ mu. Bákan náà ni jù nù àti pa rẹ́. Fáìlì tí a jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀, a sì lè mú un padà; èyí tí a pa rẹ́ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ ṣòro láti rí mọ́. Atúmọ̀ èdè tí ó bá lo ọ̀rọ̀ kan fún méjèèjì lè mú kí ẹnìkan pàdánù iṣẹ́ ọdún kan.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀dà ààbò. Bí iná ọba bá lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà àgbélétan yóò gbé e dúró fún ìgbà díẹ̀, a ó sì lè tọ́jú iṣẹ́ tí ó wà lójú rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n bátìrì kò lè dáàbò bo iṣẹ́ lọ́wọ́ olè, omi tàbí iná. Ẹ̀dà tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan náà, ẹ̀dà lásán ni. Òfin tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ni ni pé kí ẹ̀dà iṣẹ́ jẹ́ 3, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun èlò 2, kí 1 nínú wọn sì wà ní ibòmíràn. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kó gbogbo irúgbìn sí àká kan ṣoṣo.

3. Orúkọ fáìlì

Kò sí àpò fáìlì tí kò ní "Àtúnṣe Ìkẹyìn" nínú, tí "Àtúnṣe Ìkẹyìn Gan-an" sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹni tí ó kọ wọ́n kò mọ èyí tí ó kẹ́yìn mọ́. Ọjọ́ ni ó yẹ kí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọjọ́ lè da ètò rú. Láti apá òsì ni ẹ̀rọ ti ń to orúkọ. Bí a bá kọ 04-03-2025, gbogbo ọjọ́ kẹrin oṣù ni yóò kó jọ, láìka oṣù àti ọdún sí. Bí a bá kọ 2025-03-04, ọdún ni yóò kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, fáìlì yóò sì to ara wọn bí iṣẹ́ ti ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

4. Àmì ohùn àti wíwá ọ̀rọ̀

Ibí ni ọ̀ràn náà ti le jù fún ẹni tí ń kọ Yorùbá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ojú ènìyàn rí nínú ẹ́. Ẹ̀rọ lè rí méjì tàbí mẹ́ta. Unicode, ìlànà àgbáyé tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ni ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9; ọ ní 1ECD; ṣ ní 1E63. É àti è náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Àkànpọ̀ ni a fi ń kọ wọ́n, ọ̀nà tí a sì ń gbà kàn wọ́n pọ̀ ju ẹyọ kan lọ:

(i) a lè kọ ẹ, kí a fi àmì ohùn òkè lé e;
(ii) a lè kọ é, kí a fi àmì kan sí ìdí rẹ̀;
(iii) a lè kọ e lásán, kí a fi àmì ìdí àti àmì ohùn tẹ̀ lé e;
(iv) a lè fi ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán sí ìdí e, dípò àmì tí ó rí roboto.

Ìlànà Unicode ka mẹ́ta àkọ́kọ́ sí ọ̀kan náà, ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá sì tẹ̀ lé ìlànà yìí kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ni kò tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹrin ni Unicode kò kà mọ́ wọn rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú òǹkàwé, kò sí ìyàtọ̀ tí ó tó nǹkan.

Ohun tí èyí lè fà kì í ṣe kékeré. Atúmọ̀ èdè kan ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ó sì ti tọ́jú rẹ̀ sínú àkójọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ẹlòmíràn wá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú pátákó ìtẹ̀wé mìíràn. Ẹ̀rọ ní kò sí. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ṣẹ̀dá òmíràn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ méjì ṣe ń wà fún ohun kan, tí kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ jiyàn lé e lórí, bí kò ṣe pé àmì ìdí lẹ́tà kò dọ́gba. Bí àkójọ náà bá sì ní ọ̀rọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀ nínú, ìṣòro náà di méjì, nítorí ɛ àti ɔ ni àkọtọ́ ibẹ̀ ń lò: ẹni tí ó bá wá ọjọ́ kò ní rí ɔjɔ́.

Títo ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan tí ó tẹ̀ lé g. Ẹ̀rọ tí kò mọ èyí yóò fi gbogbo sí àárín ga àti gé. Èyí tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà lẹ́tà nìkan ni ó ń wò yóò ti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ sí ẹ̀yìn z. Ìlànà títò ti Yorùbá wà fún àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá fẹ́ lò ó. Kí olùmúlò yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni ó kù.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni ó lè dín ìṣòro yìí kù. Èkínní, kí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan pọ̀ lo irú pátákó ìtẹ̀wé kan náà, kí wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan. Ọ̀nà (i) ni ó rọrùn jù. Èkejì, kí wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì àti ìgbà tí kò yẹ. Ètò tí kò ka àmì sí yóò kó ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wá pa pọ̀. Èyí dára fún ẹni tí kò fẹ́ kí ohunkóhun bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tí ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àdáni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ Yorùbá, tí wọ́n ń fi ẹ sí ipò àmì mìíràn. Níbi tí fọ́ǹtì náà kò bá sí, jágbajàgba ni iṣẹ́ náà yóò dà. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti yí i padà nígbà tí fọ́ǹtì rẹ̀ ṣì wà.

5. Òǹkà ọjọ́

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Kàlẹ́ńdà inú kọ̀ǹpútà lè ṣe ìránnilétí fún ìpàdé tí ó ń padà wá, ṣùgbọ́n olùmúlò ni yóò sọ iye ọjọ́ tí ó wà láàárín. Ibẹ̀ ni òǹkà Yorùbá ti yàtọ̀. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kì í kà á. Bí ọjà bá ná ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, ọrún rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún, ìsán bọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án, ìtàdógún sì bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún. Nítorí náà, 4 ni a ó sọ fún ẹ̀rọ fún ọrún, 8 fún ìsán, 16 fún ìtàdógún.

Ẹni tí ó bá sọ 5 fún ọrún yóò gba ìránnilétí ní ọjọ́ kẹfà, ìkọkànlá, ìkẹrìndínlógún àti ìkọkànlélógún. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí tún bọ́ sí ọjọ́ ọjà gan-an, ó sì lè mú kí ó rò pé ẹ̀rọ tọ̀nà, nígbà tí odindi ọjà kan ti fò ó. Atúmọ̀ èdè náà ní láti ṣọ́ra: ẹni tí ó ní "òní ọjọ́ mẹ́jọ" ń sọ nípa ọjọ́ méje sí i lórí kàlẹ́ńdà.

6. Ìparí

Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Babs Fáfúnwá, tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, ó di dandan kí a wá ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Nígbà tí ìwé èdè-ìperí jáde lábẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé ní ọdún 1984, tí èkejì sì jáde lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì ní ọdún 1990, orí bébà kan náà ni gbogbo olùkọ́ ti ń kà á. Lóde òní, olúkúlùkù ni ó ní àkójọ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Bébà kò bìkítà bí a ṣe kan àmì mọ́ lẹ́tà; ẹ̀rọ bìkítà. Nítorí náà, ìwé èdè-ìperí tí a bá tún ṣe ní láti sọ ọ̀rọ̀ tí a fẹnu kò lé lórí, kí ó sì tún sọ bí a ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn àgbà ti ṣe yóò wà nílẹ̀, a ó sì máa wá a láìrí.