Maikirofóònù Kékeré Tí A Ń Há Mọ́ Aṣọ: Bí A Ṣe Lè Yan Èyí Tí Apá Wa Ká

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré: maikirofóònù tí a ń há mọ́ aṣọ ẹni tí a ń ya fídíò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà láti gba oríkì, ìtàn àti òwe sílẹ̀. Àwòrán a máa dára. Ohùn ni kì í sábà já gaara. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà tí ó bá wa sọ̀rọ̀ lónìí lè ti papòdà kí a tó padà lọ bi í léèrè ohun tí ó wí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èdè wa ṣe àpẹẹrẹ. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó ya 'ó sá ẹran' sọ́tọ̀ sí 'ó ṣá ẹran'. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹran sí oòrùn. Ẹni kejì yọ àdá ti ẹran. Fáwẹ́lì àránmúpè nìkan ni ó sì ya 'ó kún' sọ́tọ̀ sí 'ó kú'. Bí ohùn kò bá já gaara, irú ìyàtọ̀ báyìí ni ó kọ́kọ́ ń sọnù, ẹni tí yóò ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ náà yóò sì máa méfò.

Kí ni ó ń ba ohùn jẹ́? Jíjìnnà ni. Ní gbangba, bí a bá sọ àlàfo tí ó wà láàrin ẹnu àti maikirofóònù di ìlọ́po méjì, ohùn tí ń wọlé yóò dín ní nǹkan bí 6 dẹ̀síbẹ̀lì. Bí fóònù tí a fi ń ya àwòrán bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 160 sí ẹnu, tí maikirofóònù àyà sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 20, ìlọ́po méjì lọ́nà mẹ́ta nìyẹn. Ìyàtọ̀ náà di nǹkan bí 18 dẹ̀síbẹ̀lì. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì dín ariwo tirẹ̀ kù nítorí wa. Nítorí náà, maikirofóònù olówó pọ́ọ́kú tí ó súnmọ́ ẹnu sàn ju olówó ńlá tí ó jìnnà sí i lọ.

Pé irú rẹ̀ kò wọ́n kì í ṣe ohun ìyanu. Ní 1962, James West àti Gerhard Sessler ṣe irú maikirofóònù tí a ń pè ní electret ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń di iná mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà iná díẹ̀ láti inú bátìrì kékeré tàbí láti ara fóònù ti tó o.

Bí a bá dé ọjà, kí ni kí a wò? Èkíní ni ẹnu wáyà. Èyí tí ó ní òrùka dúdú méjì lára wà fún kámẹ́rà. Èyí tí ó ní mẹ́ta wà fún fóònù. Bí fóònù yín kò bá ní ihò róbótó yẹn, ẹ béèrè èyí tí ó bá ihò tí ẹ fi ń gba iná sí i mu. Èkejì, ẹ yan èyí tí ń gbọ́ ohùn láti ìhà gbogbo, kí ohùn má baà lọ sílẹ̀ bí àgbà bá yí orí padà. Ẹ̀kẹta, bí ẹni náà yóò bá jókòó, oní-wáyà ti tó; owó rẹ̀ kéré, kò sì sí pé bóyá ohùn yóò já lójú afẹ́fẹ́. Ẹni tí yóò máa rìn kiri ni aláìní-wáyà yẹ fún.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ so ó mọ́ fóònù yín, kí ẹ fi ìka kan orí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹ ti ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ 'kó, kó' ketekete nígbà tí ẹ bá tún un gbọ́, maikirofóònù inú fóònù ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ gbólóhùn mẹ́rin tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn, láìtẹ̀lé ètò kankan, kí ẹ sì fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní íápíìsì kí ó kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá kọ wọ́n bí ó ti yẹ, ẹ rà á. Bí kò bá lè kọ wọ́n, orúkọ ńlá ara páálí rẹ̀ kò ṣe wá ní àǹfààní kankan.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbà, ẹ há a mọ́ ìta aṣọ, ní ìwọ̀n ọwọ́ kan tí a nà tán sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ẹ má ṣe fi í sábẹ́ agbádá, nítorí aṣọ a máa bo ariwo tín-ín-rín tí ó ya 's' sọ́tọ̀ sí 'ṣ'. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ bàbá tàbí ìyá náà kí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn má ṣe máa gbá a. Ẹ pa fáànù. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Owó tí a fi ra maikirofóònù, a lè tún un wá. Ohùn àgbà tí ó ti kọjá lọ kò ní ọjà tí a ti lè rà á.