Ọkọ̀ Tí Kò Ní Gbéra fún Awakọ̀ Tí Ọtí Ń Pa

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, ìdílé Abbas, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, ń ti ìsinmi ní Florida bọ̀ wá sílé ní Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ìlú Lexington, ìpínlẹ̀ Kentucky, ọkọ̀ kan tó gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ forí sọ wọ́n. Kò sẹ́ni tó yè nínú àwọn márààrún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó kọ lù wọ́n wò, ọtí tó wà níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ìwọ̀n tí òfin gbà.

Orúkọ ìdílé yìí ni àwọn aṣòfin fi sọ àbá òfin kan tó wọnú òfin ńlá lórí ọ̀nà àti afárá, èyí tí Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lù ní oṣù Bélú ọdún 2021. Òfin náà pa á láṣẹ fún NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, pé kó ṣe ìlànà tí gbogbo ọkọ̀ tuntun yóò fi ní ẹ̀rọ tó lè mọ awakọ̀ tí ọtí ń pa, tó sì lè dá a dúró. Oṣù Bélú ọdún 2024 ni gbèdéke tí wọ́n fún àjọ náà. Oṣù náà kọjá, ìlànà ò jáde. Ní tèmi, ó yẹ kí ẹ̀rọ yìí di dandan, mo sì fẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìdáhùn sí iyàn tó wà lórí rẹ̀ wà.

Ọtí tí èèyàn mu máa ń gba ikùn àti ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ọpọlọ, ibẹ̀ ló ti ń da èèyàn lójú rú. Á tún gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti máa ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀: iye ọtí tó wà nínú mílílítà èémí 2,100 ni wọ́n gbà pé ó bá iye tó wà nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo dọ́gba. Ìṣirò yìí ló ń jẹ́ kí èémí jẹ́rìí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, 0.08 ni ààlà, ìyẹn gírámù ọtí 0.08 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ 100. Ní Utah, 0.05 ni.

Ẹ̀rọ tó ń lo ìmọ̀ yìí nínú ọkọ̀ ti wà tipẹ́. Ọdún 1986 ni California ti ṣòfin lé e lórí, ara ọkọ̀ àwọn tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ẹ̀sùn pé wọ́n mutí wakọ̀ ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju fóònù lọ. Ó ní ẹnu tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí, wáyà rẹ̀ sì gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣíná ọkọ̀. Bí ọtí bá kọjá ìwọ̀n nínú èémí náà, iná kò ní kọjá, ẹ́ńjìnnì ò sì ní ṣiṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń pè ní fuel cell ló wà nínú rẹ̀: pílátínọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ méjì, tí ohun tó rin fún ásíìdì wà láàárín wọn. Bí èémí bá kan pílátínọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ọtí inú rẹ̀ á yí padà di ásíìdì, irú èyí gan-an tó ń mú ẹmu àná kan. Bó ṣe ń yí padà, ó ń tú iná mànàmáná díẹ̀ sílẹ̀, iná náà á sì gba wáyà lọ sọ́dọ̀ pílátínọ́ọ̀mù kejì. Bí ọtí bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ń pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ á wọn iná yìí, á sì sọ iye ọtí tó wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rẹ́ bá bá awakọ̀ fẹ́ ẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní kámẹ́rà tó ń ya ojú ẹni tó fẹ́ ẹ. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń lọ, ẹ̀rọ á tún ní kí awakọ̀ fẹ́ òmíràn, torí ọtí tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì lè máà tíì dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀ títí di nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ̀rọ kì í pa ẹ́ńjìnnì lójú títì, ìyẹn léwu jù. Ó lè fọn fèrè ọkọ̀, kó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò lè ní kí gbogbo aráàlú máa fẹ́ páìpù láràárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ DADSS lọ́dún 2008, láti ṣe ẹ̀rọ tí kò ní da awakọ̀ láàmú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà. Nínú ti àkọ́kọ́, sẹ́ńsọ̀ kan nítòsí awakọ̀ á máa fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀, á tan ìtànṣán infrared, tí ojú lásán ò lè rí, sí i, á sì wo èyí tí ọtí gbé mì nínú ìtànṣán náà. Ṣùgbọ́n èémí ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ náà á wọn kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì pẹ̀lú. Ìyẹn pọ̀ gan-an nínú èémí, kò sì tó nǹkan nínú afẹ́fẹ́ lásán, òun ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí èémí náà ṣe dà pọ̀ tó. Nínú ọ̀nà kejì, bọ́tìnnì tí a fi ń ṣíná ọkọ̀ á tan ìtànṣán wọ awọ ìka, á sì ka ọtí inú ẹran ara látinú èyí tó padà wá.

Ibi tó le wà o. Bí awakọ̀ ò bá mu, tí ọ̀rẹ́ tó ń gbé lọ sílé ti yó ńkọ́? Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àṣìṣe kékeré pàápàá kì í kéré níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀. Ká ní ìgbà mílíọ̀nù 200 ni wọ́n ń ṣíná ọkọ̀ lóòjọ́, tí ẹ̀rọ sì ń ṣi ẹjọ́ dá lẹ́ẹ̀kan péré nínú ẹgbẹ̀rún: èèyàn 200,000 ni ọkọ̀ máa kọ̀ fún lójúmọ́ kan láìnídìí, nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ òru wà níbẹ̀, ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù wà níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí. Ọkọ̀ tuntun ọdún 1974 kì í ṣiṣẹ́ bí awakọ̀ ò bá tíì de bẹ́líìtì. Àpò ọjà tí wọ́n gbé sórí ìjókòó iwájú pàápàá lè mú kí ọkọ̀ kọ̀. Inú bí aráàlú, ilé aṣòfin sì fagi lé e kí ọdún náà tó parí. Ẹ̀rọ tó bá ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀ kò lè pẹ́ lórí ọkọ̀, bó ti wù kó dára tó.

Síbẹ̀, ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Lọ́dún 2023 nìkan, àwọn tó kú nínú ìjàǹbá awakọ̀ ọlọ́tí ní Amẹ́ríkà lé ní 12,000. Lọ́dún 2020, iléeṣẹ́ ìwádìí Insurance Institute for Highway Safety ṣírò rẹ̀ pé bí ẹ̀rọ yìí bá wà nínú gbogbo ọkọ̀, ó lè gba ẹ̀mí tó lé ní 9,000 là lọ́dọọdún. Ọlọ́pàá ò lè dá ọ̀mùtí dúró kó tó wọ títì, ẹjọ́ kì í sì bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń ṣáájú ọ̀ràn.

Kí ó di dandan, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráàlú pé àṣìṣe rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, kí ohun tó kà sì má kúrò nínú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa náà. Láti oṣù Agẹmọ ọdún 2024, òfin ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní ibi tí wọ́n lè so ẹ̀rọ ìdánwò ọtí mọ́. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ti ń wá, ohun tí wọ́n bá fi sínú wọn lónìí máa gúnlẹ̀ sí Èkó àti Kútọnu lọ́la.

Kó tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọfí tàbí omi tútù tan ara yín jẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí 0.015 ló ń mú kúrò ní wákàtí kan, kò sì sóhun tó lè mú un yára. Ẹni tó bá wà ní 0.15 láago méjìlá òru ṣì lè wà ní 0.06 láago mẹ́fà àárọ̀, lẹ́yìn tó ti sùn, tó ti wẹ̀, tó sì rò pé ojú òun ti dá. Bẹ́ ẹ bá ti mu, ẹ fún ẹni tí kò mu ní kọ́kọ́rọ́.