Bí Ẹ Ṣe Lè Fọ Aṣọ Ní New York Kó Má Súnkì

Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn èèyàn wa háyà ní Bronx àti Brooklyn ni kò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò sì sí àgbàlá tí wọ́n lè ta okùn sí láti sá aṣọ. Laundromat, ìyẹn ilé ìfọṣọ àdúgbò, ni wọ́n ń kó aṣọ lọ. Ibẹ̀ náà ni búbà tó bá yín mu wẹ́kú ti lè di ti ọmọ yín. Ohun tó ń fà á kò ṣòroó yé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí òwú, nítorí òun ni wọ́n sábà fi ń ṣe ankara àti àdìrẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń hun aṣọ, ńṣe ni wọ́n ń fa òwú náà le, bí ìgbà tí èèyàn fa rọ́bà. Bó ṣe wà ní fífà náà ni wọ́n gé e, tí wọ́n sì rán an. Ọjọ́ tí omi bá kàn án, òwú á wú, á dẹ̀, aṣọ á sì kúrú.

Ní nǹkan bí ọdún 1930, Sanford Cluett, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ní ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ New York kan náà, rí ọgbọ́n dá sí i. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń mú aṣọ súnkì kí wọ́n tó gé e. Bí ẹ bá rí “Sanforized” lára jíǹsì, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Kí ẹ tó gbé ankara fún télọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ ṣe aṣọ tí wọ́n máa fi tẹ́ inú rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan má baà súnkì lára èkejì.

Súẹ́tà onírun àgùntàn yàtọ̀. Irun náà ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Bí omi gbígbóná, ọṣẹ àti yíyí ẹ̀rọ bá pàdé, àwọn ìpẹ́ náà á kọ́ ara wọn, aṣọ á ki, á kéré, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Omi tútù àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lọ́ ọ. Orí táwẹ̀lì ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí kó gbẹ.

Ẹ máa wo ẹ̀yìn ọrùn aṣọ tàbí inú ìhà rẹ̀. Láti 1972 ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Federal Trade Commission ti mú un ní dandan kí àlàyé ìtọ́jú wà lára aṣọ títà. Àwòrán abọ́ omi dúró fún fífọ̀. Onígun mẹ́rin tó ní róbótó nínú dúró fún dryer, ìyẹn ẹ̀rọ ìmáṣọgbẹ: dọ́ọ̀tì kan ni iná díẹ̀, mẹ́ta ni iná púpọ̀. Bí wọ́n bá fi X dábùú àwòrán, ẹ má ṣe é rárá.

Aṣọ tí télọ̀ rán láti Èkó tàbí Òṣogbo kì í ní àkọlé bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì Cold, ìyẹn omi tútù, ni kí ẹ tẹ̀ fún un, kí ẹ má sì gbé e dé ẹ̀rọ ìmáṣọgbẹ.

Ẹ̀rọ ìmáṣọgbẹ yìí ló ń mú aṣọ súnkì jù. Ó ń gbóná, ó ń yí aṣọ gbiri, òwú tó ti dẹ̀ á tún kó jọ, pàápàá nígbà tí ọ̀rinrin bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ tẹ Low, kí iná lè mọ níwọ̀n. Ẹ má kó gbogbo owó ẹyọ yín sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi díẹ̀ sí i, ẹ ṣí i, ẹ fọwọ́ kan ọrùn aṣọ àti ojú ìránpọ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣì tutù díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fọwọ́ nà án, ẹ fi háńgà kọ́ ọ sí balùwẹ̀ kó parí gbígbẹ.

Aṣọ òkè kò ní ohun tó ń wá ní ilé ìfọṣọ. Pẹlẹbẹ tóóró ni wọ́n hun, tí wọ́n wá rán pọ̀. Bí ọ̀kan bá súnkì, gbogbo rẹ̀ á wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé láti òde, ẹ sá a sí atẹ́gùn, kí ẹ tó ká a.