Ṣé olódo lọmọ tí máàkì rẹ̀ kò tó àfíréèjì?

Ní sáà tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Èjìgbò. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ó ní èsì ìdánwò ìṣirò ọmọ òun ti jáde: 9 nínú 40. Àfíréèjì kíláàsì jẹ́ 23. Tíṣà ní ọmọ náà ò lè dúró ní pírámárì kẹrin, wọ́n máa dá a padà sí pírámárì kejì. "Ìwọ tó ń kàwé nípa nọ́ńbà, wá wò ó fún mi," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àbí olódo ni ọmọ yìí ni?"

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká jọ wò.

Bẹ́ ẹ bá mọ Èjìgbò, ẹ á mọ̀ pé ẹsẹ̀ wa kan wà nílé, ìkejì wà ní Abidjan. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé ẹ lè gbọ́ èdè Faransé nínú ọjà wa. Abidjan ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Yorùbá ló ń sọ nílé, Faransé ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé, kò sì tíì pé ọdún kan tó dé Nàìjíríà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìdánwò fún un.

Nígbà tí mo délé, mo mú ìbéèrè 10 nínú ìdánwò náà, mo bi í ní Yorùbá. Bí àpẹẹrẹ: màmá ra ọsàn 48, ó pín in fún ọmọ mẹ́fà lọ́gbọọgba, mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Mẹ́jọ, Àǹtí!" Nínú ìbéèrè 10 yẹn, 2 péré ló gbà lórí ìwé. Lọ́dọ̀ mi, ó gba 7.

Òótọ́ ni pé ó ti rí àwọn ìbéèrè náà rí, èmi nìkan ni mo sì jókòó tì í, kò sí ìbẹ̀rù. Torí náà, mi ò lè búra pé èdè nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo lè sọ pé 9 nínú 40 yẹn kì í ṣe ìwọ̀n ìṣirò nìkan. Ó ń wọn ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀.

Àfíréèjì ńkọ́? Ẹ ó kó gbogbo máàkì jọ, ẹ ó pín in sí iye àwọn ọmọ. Ká ní ọmọ márùn-ún gba 80, 75, 70, 15 àti 10. Àpapọ̀ jẹ́ 250, àfíréèjì jẹ́ 50. Ṣùgbọ́n ta ló gba 50 nínú wọn? Kò sí! Àfíréèjì lè má jọ ọmọ kankan nínú kíláàsì.

Iye ọmọ náà ṣe pàtàkì. Ẹ ju kọ́ìnì 4 sókè: kí gbogbo wọn dojú sókè, ẹ̀ẹ̀kan nínú 16 ni, ó lè ṣẹlẹ̀ lónìí. Ẹ wá ju 40, ẹ lè jù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé kékeré ṣe máa ń wà lókè téńté tàbí nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n bá to ilé ìwé ní ipò. Ọmọ méjì péré lè gbé àfíréèjì wọn sókè tàbí kó fà á wálẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí "ọmọ mi ju àfíréèjì Nàìjíríà lọ" tàn yín jẹ. Ìwádìí MICS ti 2021 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 3 nínú 4, láti ọdún 7 sí 14, ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn, wọn ò sì lè ṣe ìṣirò kékeré. Tí ọ̀pá ìwọ̀n bá kúrú, kéèyàn ga jù ú lọ ò túmọ̀ sí pé ó ga.

Báwo wá ni ká ṣe mọ iṣẹ́ tí èdè ń ṣe? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ti Yorùbá ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì rẹ̀yìn. Ohun tó jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́ ni pé ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n fi wé ara wọn.

Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé òfin 2022 tó ní ká fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì. Ó ní àwọn agbègbè tó ń lò ó jù ni wọ́n ń kùnà WAEC, NECO àti JAMB. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbègbè méjì lè yàtọ̀ nínú owó, iye tíṣà, ìwé àti ààbò. Tẹ́ ẹ bá fi èsì wọn wéra láì ka ìyókù sí, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá èdè ló fà á.

Mo kọ èsì ìbéèrè 10 náà sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Màmá náà gbọ́ tiwa. Wọ́n bi ọmọ náà fúnra wọn ní Yorùbá, wọ́n sì ní kó dúró ní pírámárì kẹrin di ìparí ọdún, kó máa gba lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì. Èsì tó tẹ̀ lé e jẹ́ 16. Kò tíì tó àfíréèjì o. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní olódo nílé wa mọ́.

Torí náà, tí wọ́n bá ní àbúrò yín kò tó àfíréèjì, ẹ kọ́kọ́ béèrè: àfíréèjì ta ni, ọmọ mélòó ni, èdè wo sì ni wọ́n fi bi í?