Oró Ebu nínú Àgbàdo: Ewu Rẹ̀ fún Ènìyàn àti Ẹran Ọ̀sìn

Ìfáárà
Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn wà lára àwọn ojúko tí a ti ń ta àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní àpò-àpò. Àgbàdo tí ó bá bu kì í sábà di ohun àdànù. Àwọn kan a ṣà á, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi ṣe ògì. Àwọn mìíràn a fi bọ́ adìẹ. Èrò wọn ni pé omi àti iná ń pa oró, àti pé ohun tí kò yẹ ènìyàn yẹ adìẹ. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé èrò náà kò tọ̀nà.

Orísun Oró Náà
Ebu tí a mọ̀ sí Aspergillus flavus ni ó ń pèsè oró tí a ń pè ní aflatoxin. Láti oko ni ó ti ń wọ inú hóró, ọ̀rinrin àti ooru sì ni ó ń mú un gbilẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, òjò ṣì máa ń rọ̀ nígbà tí àgbàdo àkọ́kọ́ bá gbó, èyí tí ó mú kí sísá rẹ̀ nira. Ojú kò lè rí oró yìí. Ṣíṣà àti fífọ̀ lè dín in kù, ṣùgbọ́n sísè kò lè run ún tán.

Ẹ̀rí
Ní 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní England nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe. Ní Kenya ní 2004, ènìyàn 317 ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àgbàdo tí ó bu; 125 nínú wọn kú. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni oró náà ń wọ ara, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tí ó ní hepatitis B. Adìẹ tí ó jẹ ẹ́ kì í dàgbà dáadáa, oró náà sì lè wà nínú ẹyin àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó ti ń wọ inú wàrà màlúù.

Ọ̀nà Àbáyọ
IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, kópa nínú ṣíṣe Aflasafe. Ebu tí kì í pèsè oró ni a ń fọ́n sí oko kí ó lè gba ààyè mọ́ èyí tí ó ní oró lọ́wọ́. NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014.

Ìkádìí
Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí a má sá àgbàdo sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa kí a tó rọ ọ́ sápò, kí a sì gbé àpò sórí pákó. Èyí tí ó bá bu, kí a dà á nù. Bí a bá fún adìẹ jẹ, ọ̀nà ni oró náà yí padà. Ẹnu ọmọ ènìyàn náà ni ó tún lè padà sí.